Ohùn Mi Tí Ọkọ Mi Fi Tọrẹ

Ọjọ́ tí mi ò lè fèsì ni ọkọ mi yàn láti bá mi sọ̀rọ̀.

Orí ìkúnlẹ̀ ni mo wà nínú ọgbà, mò ń fọ àwọn ahá tí a máa ń bu omi dídùn sí fún àwọn ẹyẹ òdòdó. Ẹ̀gbà Ilé Iṣẹ́ Ẹyẹ wà lọ́rùn mi, ó lẹ̀ mọ́ ọ̀fun mi pinpin. Bí ọ̀fun ẹni tó wọ̀ ọ́ bá gbọ̀n pẹ́nrẹ́n, ẹ̀gbà náà á pọ́n, á sì han gooro títí wọ́n á fi gbọ́ ọ ní ọ́fíìsì wọn nísàlẹ̀ òkè. Wọn kì í na èèyàn, wọn kì í ti èèyàn mọ́lé. Wọ́n á kàn wá hú ọgbà rẹ̀ tigbòǹgbò-tigbòǹgbò ni.

Olúgbòde fa àpótí kan, ó jókòó tì mí. Ó wúkọ́ díẹ̀. Ó ní, "Ìyá Mórẹ́, ọ̀rọ̀ kan wà tí mo fẹ́ kí o gbọ́ lẹ́nu mi, kí o sì gbọ́ ọ tán."

Bí ẹni pé mo lè ṣe nǹkan mìíràn! Èmi tí gbogbo Òkè Arómi mọ̀ pé ẹnu mi kì í sinmi. Ìgbà ìpanumọ́ nìkan ni ọkọ mi máa ń rí ìsinmi lọ́wọ́ mi lọ́dún, ó sì máa ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ dáadáa nígbà náà. Á béèrè bóyá òun lè ta ewúrẹ́ mi, á dúró díẹ̀, á ní, "O ṣeun, mo mọ̀ pé wàá gbà." Mo rò pé irú eré bẹ́ẹ̀ náà ni. Mo mi orí sí i, mo ń bá ahá mi lọ.

Lókè orí wa, àwọn ẹyẹ ń rọ́ gììrì nínú òdòdó àfòmọ́ tó ṣù mọ́ igi obì. Àwọn akọ ti bọ́ aṣọ dídán wọn sílẹ̀. Ọrùn wọn tó máa ń kọ mànà bí epo tó dà sójú omi ti di eérú, èyí tó fi hàn pé ìrìn àjò kù sí dẹ̀dẹ̀. Wọ́n ti sanra, àyà wọn rí rogodo. Wọ́n ń mu omi òdòdó bí ẹni tí wọ́n sọ fún pé kò ní sí mọ́ lọ́la, òótọ́ sì ni, nítorí pé ọyẹ́ ti dé ẹnu ọ̀nà.

Láti ìgbà tí kòkòrò oyin ti parun, àwọn ẹyẹ yìí ló ń gbé àtíkè òdòdó kiri oko wa. Láìsí wọn, elégédé ò ní so, ata ò ní so, àwa náà á kàn máa wo ewé ni. Ilé kọ̀ọ̀kan lórí òkè ló ní ìpè tirẹ̀, òun sì ni ọmọ ẹyẹ ń gbọ́ láti inú ìtẹ́. Bí òjò bá ń kásẹ̀ nílẹ̀, ìyá ilé á panu mọ́ kí òǹgbẹ ohùn rẹ̀ lè gbẹ wọ́n. Àárọ̀ tí afẹ́fẹ́ òkè Ọya bá kọ́kọ́ fẹ́, wọ́n á bọ́ ẹ̀gbà lọ́rùn rẹ̀, á pè lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, gbogbo wọn á sọ̀ kalẹ̀, wọ́n á mu àmuyó, wọ́n á sì gbéra pọ̀ lọ sí igbó etí òkun. Èyí tó bá dá lọ, inú eruku ló máa kú sí. Bí òjò bá padà, ohùn kan náà ló máa mú wọn wá sórí òrùlé wa, tí wọn ò ní ṣìnà dé ilé ẹlòmíràn.

Ọwọ́ ìyá mi ni mo ti gba tiwa. *Ẹ wá mu, ẹ mu yó, ẹ lọ ire, ẹ bọ̀ ire.* Ibẹ̀ ló parí sí láyé ìyá mi. Lẹ́yìn tí eruku ọyẹ́ pa ọmọ kan ṣoṣo tí mo bí ni mo fi tèmi kún un: *Mórẹ́nikéjì, ọ̀nà ilé rèé o.* Àwọn èèyàn lè máa fi orúkọ rẹ̀ pè mí, kò kàn mí. Ẹnu tèmi kì í pè é níbòmíràn. Bí wọ́n bá ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ níbi tí mo wà, mo máa ń dìde kúrò níbẹ̀. Olúgbòde mọ̀. Òun nìkan ni mo sọ fún.

Ọ̀nà jíjìn ni ọkọ mi gbé ọ̀rọ̀ rẹ̀ gbà. Ó bẹ̀rẹ̀ láti orí ikọ́ òun, ó dé orí ikọ́ tèmi, ó sọ pé eruku ọdún yìí máa burú ju ti èṣín lọ. Lẹ́yìn náà ló wá dé orí Ilé Dígí. Ta ni ò mọ Ilé Dígí? Ó nà gbọọrọ ní àfonífojì, àwọn tó kọ́ ọ ń dáko nínú rẹ̀ ní gbogbo ọyẹ́, nígbà tí àwa yòókù ń fi aṣọ tútù bo imú nínú yàrá. Wọ́n ti ṣe ẹyẹ irin rí, àwọn ẹyẹ irin náà sì fa gbogbo òdòdó wọn ya. Ẹyẹ ẹlẹ́mìí ni wọ́n ń wá báyìí. Olúgbòde ní wọ́n wá bá òun lọ́dún tó kọjá, pé wọn ò béèrè àwọ̀n lọ́wọ́ òun, wọn ò béèrè àtè. Wọ́n ní kí òun bá àwọn rí ìpè ilé wa.

Mo gbójú sókè wò ó.

Ó ní, "Mo ti fún wọn. Ilé Iṣẹ́ Ẹyẹ ní lọ́la ni afẹ́fẹ́ máa fẹ́. Bí àwọn ẹyẹ bá ti gbéra, ẹ̀rọ wọn máa fi ohùn rẹ pè wọ́n. Mi ò fẹ́ kó jẹ́ pé láti àfonífojì lo ti máa kọ́kọ́ gbọ́ ọ."

Mo fi ọwọ́ òsì gbá etí, mo fi tọ̀tún tọ́ka sí ọ̀fun mi: báwo lo ṣe gbà á? Ìgbà tó máa dáhùn, ó ń wo ilẹ̀. Ó ní ṣé mo rántí àárọ̀ ìpè èṣín, tí òun wé gèlè fún mi?

Ha, mo rántí. Ṣé mo lè gbàgbé? Ọkọ mi tí kò mọ bí wọ́n ṣe ń ká aṣọ, tó jí lọ́jọ́ yẹn tó ní kí n jókòó, kí òun wé gèlè fún mi nítorí pé ọjọ́ ńlá ni. Ó wé e wúruwùru, ó wọ́ sí apá kan, mi ò tún un ṣe. Bẹ́ẹ̀ ni mo wé e lọ síta, tí inú mi ń dùn. Inú ìdì gèlè yẹn ló ki etí sí, ẹ̀rọ kékeré kan tí kò tó hóró àgbàdo, tó máa ń gbọ́ ohùn, tó sì ń tọ́jú rẹ̀. Odindi ọdún kan ni mo fi ń ròyìn kiri òkè pé ọkọ mi wé gèlè fún mi. Àwọn obìnrin mìíràn ti fi bá ọkọ wọn jà nítorí tèmi.

Ó fa okùn méjì yọ nínú àpò, dígí róbótó kan wà lẹ́nu ìkọ̀ọ̀kan, wọ́n ti fín orúkọ wa sí i, àmì ìwọlé Ilé Dígí ni. Ó ní bí àwọn ẹyẹ bá wọlé, àwa méjèèjì á wọlé. Ibẹ̀ la ó wà ní gbogbo ọyẹ́, nínú afẹ́fẹ́ tó mọ́, títí òjò á fi rọ̀. Bí wọn ò bá wọlé, kò sí àyè fún wa.

Igbe ti dé ọ̀fun mi, mo mọ̀ ọ́n lára bó ṣe ń gun òkè bọ̀, ẹ̀gbà sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná. Mo gé ọwọ́ ara mi jẹ títí mo fi tọ́ ẹ̀jẹ̀ wò. Lẹ́yìn náà ni mo gbé agbada omi tí mo fi ń fọ ahá, tèérí-tèérí, mo dà á lé e lórí. Kò sá. Ó fi ọwọ́ nu ojú, ó ní òun mọ̀ pé inú máa bí mi. Ó mọ̀! Ìdí tó fi dúró di ọjọ́ ìpanumọ́ nìyẹn. Ọkọ mi tó ń sùn tì mí ṣírò rẹ̀ dáadáa.

Mo sọ̀ kalẹ̀ lọ bá Adéníhùn. Òun ni alábòójútó Ilé Iṣẹ́ Ẹyẹ ní apá ọ̀dọ̀ wa, òun ló fi ẹ̀gbà sí mi lọ́rùn, òun ló máa bọ́ ọ. A jọ dàgbà ni. A ti jọ jí ìbẹ́pẹ jẹ nínú oko bàbá rẹ̀, a ti jọ jẹ ẹgba rẹ̀.

Ẹ̀gbẹ́ Ilé Dígí ni ọ̀nà gbà kọjá, mo sì dúró wò ó, ohun tí mi ò ṣe rí. Ewé elégédé tutù yọ̀yọ̀ nínú rẹ̀. Wọ́n ti to ẹ̀rọ gbohùngbohùn sórí òrùlé lọ bí eyín. Ọkùnrin kan gun àkàbà, ó ń fi kànìnkànìn nu ara dígí níhà tó kọjú sí òkun, ìhà yẹn nìkan, àmì kéékèèké ló sì ń nu. Mo sún mọ́ ọn. Ọ̀rá àyà ẹyẹ ni, pẹ̀lú ìyẹ́ tó lẹ̀ mọ́ ọn. Ibẹ̀ ló ti yé mi pé ìpè ilé Láṣebìkan, tó wà lẹ́yìn ilé wa, ni wọ́n kọ́kọ́ gbà. Gbogbo ẹyẹ ilé wọn ló wọlé sínú dígí yìí lọ́yẹ́ tó kọjá. Òkun ń pè wọ́n, wọ́n sì ń fi àyà gbá dígí níhà òkun. Nígbà tí òjò padà, ilé Láṣebìkan pè títí, ẹyẹ kan ò dá wọn lóhùn. Nígbà yẹn, a sọ pé ó máa jẹ́ pé ojú ọ̀nà ni wọ́n kú sí. Ọkùnrin orí àkàbà náà kí mi dáadáa. Mi ò lè jẹ́ ẹ, ó rí ẹ̀gbà lọ́rùn mi, ó sì yíjú kúrò.

Mo bá Adéníhùn níwájú ọ́fíìsì. Mo mú igi, mo kọ ọ́ sílẹ̀ẹ́lẹ̀ fún un: Olúgbòde ti gbé ìpè mi fún Ilé Dígí, ẹ dá wọn dúró. Ó kà á. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó sì fi ẹsẹ̀ pa á rẹ́.

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ohùn ìjọba bá mi sọ̀rọ̀, ó ń pè mí ní ẹ̀yin. Ó ní òfin kọ àwọ̀n, òfin kọ àtè, òfin kọ kéèyàn fi ọwọ́ mú ẹyẹ òdòdó tàbí kó dẹ́rù bà á. Ṣùgbọ́n ẹyẹ tó bá fi ìyẹ́ ara rẹ̀ gba ẹnu ọ̀nà wọlé, kò sóhun tí òfin rí wí sí i. Mo fẹ́ tún kọ̀wé, ó gba igi lọ́wọ́ mi. Ìgbà yẹn ni afẹ́fẹ́ gbé ọrùn bùbá rẹ̀ sókè, mo sì rí dígí róbótó lọ́rùn rẹ̀, pẹ̀lú okùn kan náà.

Ó rí i pé mo rí i. Ohùn ìjọba bọ́ lẹ́nu rẹ̀. "Àwẹ̀ró, ta ló fẹ́ kú?" ó ní. "Ẹyẹ ni wọ́n. Ìwọ náà wọlé, kóo máa mí."

Mo rìn padà gun òkè. Mo sunkún lọ́nà, ẹkún tí kò ní ohùn. Kí ẹ má rò pé mi ò fẹ́ afẹ́fẹ́ yẹn. Mo fẹ́ ẹ. Ẹni tó bá ti jí lóru ọyẹ́, tí àyà rẹ̀ dí pa bí ìgbà tí wọ́n da iyanrìn sí i, kò ní purọ́ pé òun ò fẹ́ ẹ. Bó bá jẹ́ pé ó bi mí ni! Bó bá jẹ́ pé ó jókòó tì mí nígbà tí ẹnu mi ṣí, ká jọ fà á, kí n bú u, kí n kọ̀, kó bẹ̀ mí, bóyá ǹ bá ti gbà, bóyá ǹ bá sì kọ̀ títí. Ṣùgbọ́n ó jí i. Ó mú orúkọ ọmọ mi jáde kúrò nínú ọ̀fun mi, ó gbé e fún àwọn tí wọn ò mọ̀ ọ́n, kí wọ́n fi dẹ páńpẹ́.

Ọ̀nà tí mo fẹ́ gbé e gbà ò sì yé mi. Bí mo bá kọ̀ láti pè lọ́la, òǹgbẹ ohùn mi ti gbẹ àwọn ẹyẹ náà, wọ́n á gbọ́ ọ láti àfonífojì, wọ́n á sì yà síbẹ̀ tààrà. Gbogbo ìpanumọ́ tí mo ti ń ṣe, Ilé Dígí ni mo ń bá ṣiṣẹ́. Bí mo bá pè, wọ́n á mu yó lọ́dọ̀ mi, wọ́n á gbéra, wọ́n á gbọ́ ohùn kan náà lójú ọ̀nà, wọ́n á yà. Kí ni wọ́n á ṣe tí wọn ò ní yà? Láti inú ẹyin ni mo ti ń kọ́ wọn pé ohùn yìí kì í tan ni.

Ìgbà tí mo rò ó débẹ̀ ni ohun tí mo gbọ́dọ̀ ṣe yé mi.

Lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́ tí ẹnikẹ́ni ò jẹ, Olúgbòde wá jókòó sílẹ̀ níwájú mi. Kò bẹ̀bẹ̀ bí mo ṣe rò. Ó ní òun ò tọrọ ìdáríjì, nítorí pé bí wọ́n bá tún wá lọ́la, òun á tún ṣe é. Ikọ́ dá a dúró díẹ̀. Lẹ́yìn náà ló ní, "Èmi ni mo gbé Mórẹ́ lọ́wọ́ lálẹ́ ọjọ́ yẹn, Àwẹ̀ró. Ìwọ ti dákú. Èmi ni mo gbọ́ bí àyà rẹ̀ ṣe ń dún títí ó fi dákẹ́. Mi ò lè gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kejì."

Mo wo ọkùnrin náà. Mo fẹ́ràn rẹ̀, ó sì ti dà mí, ọ̀kankan nínú méjèèjì ò sì lé èkejì lọ. Mo dìde, mo lọ já ewúro.

Afẹ́fẹ́ òkè Ọya dé láàárọ̀, ó gbẹ, ó ń ta ètè. Adéníhùn gun òkè wá. Kò wò mí lójú bó ṣe ń fi kọ́kọ́rọ́ ṣí ẹ̀gbà. Àwọn aládùúgbò ti dúró sẹ́yìn ọgbà bí wọ́n ti máa ń ṣe, kí wọ́n lè kí àwọn ẹyẹ pé ó dàbọ̀. Olúgbòde wà lẹ́nu ọ̀nà, ó ti fi dígí tirẹ̀ kọ́rùn. Mo ti gbé àwọn ahá kọ́, mo ti fi osùn kun ẹnu wọn pupa bí ó ti yẹ. Omi inú wọn tutù minimini. Kò sẹ́ni tó bi mí pé kí ló dé tó fi ní àwọ̀ ewé.

Mo la ẹnu. Ohùn mi ha lákọ̀ọ́kọ́, ó sì là. Mo fi gbogbo adùn tí mo ní pè wọ́n, nítorí pé adùn yẹn gan-an ló wà nínú ẹ̀rọ. *Ẹ wá mu, ẹ mu yó. Ẹ lọ ire, ẹ bọ̀ ire. Mórẹ́nikéjì, ọ̀nà ilé rèé o.*

Wọ́n rọ́ wá. Olúwa mi, bí wọ́n ṣe rọ́ wá! Láti orí obì, láti inú òdòdó ọ̀gẹ̀dẹ̀, láti orí orúrù tó wà lójú títì, wọ́n bà sórí ahá, sórí okùn, sí èjìká mi. Wọ́n ti ẹnu bọ omi ewúro. Mo rí bí ara wọn ṣe gbọ̀n. Kí èyí tó kọ́kọ́ mu tó gbé orí sókè, mo ti fa ìrépé aṣọ tí mo rì sínú omi ata yọ, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi lù wọ́n. Mo gbá ahá dànù. Mo fi ẹsẹ̀ ta agbada irin sílẹ̀, ó ró gbàǹgbàlà. Wọ́n fọ́n ká, wọ́n sá gun orí orúrù, gbogbo wọn ń ké.

Àwọn aládùúgbò pariwo. Ẹnì kan ní orí mi ti dàrú. Adéníhùn ń sọ pé òfin ni mo ń rú yẹn, pé wọ́n máa hú ọgbà yìí, ṣé mo gbọ́? Mo gbọ́. Mo tún ahá mìíràn gbé kọ́, mo tún pè.

Wọ́n tún wá.

Èyí ló dùn mí jù. Ká ní wọ́n bínú sí mi lẹ́ẹ̀kan náà, kó tán síbẹ̀. Ṣùgbọ́n wọ́n tún wá, wọ́n kàn dín díẹ̀ ni, wọ́n rò pé àṣìṣe ni. Ohùn tó ń pè wọ́n láti inú ẹyin ni, wọ́n sì gbà á gbọ́. Mo tún fún wọn ní ewúro, mo tún lù wọ́n. Mo ń sunkún, ṣùgbọ́n mi ò jẹ́ kó wọnú ohùn mi. Mo tún pè. Àwọn tó wá ò tó kún àtẹ́lẹwọ́ méjì mọ́. Mo lù wọ́n.

Ìgbà tí mo tún pè, abo kan ṣoṣo ló sọ̀ kalẹ̀. Mo mọ̀ ọ́n. Ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ti gé, okùn ló gé e nígbà tó wà lọ́mọdé, ọmọ mi ló sì tú u sílẹ̀ nínú okùn náà. Ó ti darúgbó nínú àwọn ẹyẹ. Òun ló máa ń kọ́lé sábẹ́ àjà wa lọ́dọọdún, tó ń fi òwú aláǹtakùn so ó. Ó bà sí ọwọ́ mi, ọwọ́ tí mo fi di aṣọ mú, ó sì yí orí sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó ń wò mí.

"Lọ," mo sọ fún un wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. Kò lọ. Mo rántí pé ohùn ni wọ́n mọ̀, wọn ò mọ ọ̀rọ̀. Mo tún fi adùn pè é, tòun ti orúkọ ọmọ mi, ojú kojú báyìí, mo sì gbọn ọwọ́, mo fi aṣọ ata nà án.

Ó já lulẹ̀. Ó ń gbọ̀n nínú iyẹ̀pẹ̀. Mi ò tẹ̀ sílẹ̀ gbé e. Bí mo bá gbé e, gbogbo rẹ̀ á bàjẹ́. Ó pẹ́ kó tó fò dìde, ó fò wọ́gọwọ̀gọ lọ sórí orúrù lọ bá àwọn yòókù. Mo pè fún ìgbà ìkẹyìn. Ewé kan ò mì.

Afẹ́fẹ́ tún fẹ́, ó sì le. Wọ́n gbéra pọ̀, bí ó ti yẹ, ebi ń pa àwọn mìíràn, ojú ń ta àwọn mìíràn, wọ́n kọjá lórí òrùlé wa, wọ́n dorí kọ àfonífojì. Bí wọ́n ṣe fẹ́ẹ̀ dé òkè Ilé Dígí ni mo gbọ́ ohùn mi níbẹ̀. Ó dùn. Mi ò mọ̀ pé bó ṣe máa ń dùn nìyẹn. *Ẹ wá mu, ẹ mu yó.* Àwọn ilẹ̀kùn òkè dígí ṣí sílẹ̀ gbayawu. Ọ̀wọ́ àwọn ẹyẹ náà ṣẹ́rí bí aṣọ tí wọ́n fà lójijì, wọ́n yí sókè, wọ́n sá fún ohùn náà bí ẹni sá fún àṣá, wọ́n lọ sókè pátápátá, lókè ibi tí eruku ò dé, níhà òkun. Mo ń wo ojú ọ̀run títí mi ò fi rí wọn mọ́. Èyí tó gé níka náà, mi ò mọ̀ bóyá ó wà nínú wọn.

Wọ́n á yè. Wọn ò sì ní padà wá sílé mi mọ́ láéláé.

Adéníhùn ti sọ̀ kalẹ̀ lọ pe àwọn tó ń hú ọgbà. Àwọn aládùúgbò tú ká láì bá mi sọ̀rọ̀. Olúgbòde bọ́ dígí kúrò lọ́rùn, ó fi sí àpò, ó tún mú un jáde, kò mọ ibi tó máa fi í sí. Ó ní, "O ti pa wá, Àwẹ̀ró." Kò fi ìbínú sọ ọ́. Ó rẹ̀ ẹ́ ni.

Mo ní ọ̀rọ̀ púpọ̀ tí mo ti tò jọ sínú fún un láti àná, èébú tó dára, tí mo ti hun dáadáa. Mo wá wọn, mi ò rí ìkankan. Mo kàn sọ fún un pé kó lọ mú àkísà wá, pé eruku ò ní pẹ́ dé.

Eruku ti ń yọ pupa ní òkè Ọya nígbà tí a bẹ̀rẹ̀ sí í dí fèrèsé. Ó ń ya àkísà, ó ń nà án sí mi, èmi ń fi ọ̀bẹ kì í sínú ihò. A ò wo ojú ara wa. Nísàlẹ̀ lọ́hùn-ún, wọn ò tíì pa ẹ̀rọ náà. Ó ń pè lọ ràì, bóyá wọ́n rò pé àwọn ẹyẹ ṣì máa yí padà. Fèrèsé tó kọjú sí àfonífojì ló kù. Olúgbòde na àkísà sí mi, mo gbà á, mo gbé e dé ẹnu ihò, mo sì dá ọwọ́ dúró. Ó ní kí ni mò ń dúró dè. Ìpè náà ti fẹ́ dé ìdí, mo sì fẹ́ gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan sí i bí mo ṣe máa ń pe ọmọ mi, nítorí pé ẹnu tèmi ò ní lè pè é bẹ́ẹ̀ mọ́.